Bí mo ṣe wo Mind Your Language tán, láti ìpín kìíní dé èyí tó kẹ́yìn

Ìpín 29 péré ni Mind Your Language, eré apanilẹ́rìn-ín orí tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nípa kíláàsì kan ní London tí àwọn àjèjì ti ń kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, bí a bá yọ èyí tí wọ́n tún wá ṣe lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, ní 1986, kúrò. London Weekend Television (LWT) ló gbé e jáde, Vince Powell ló kọ ọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ ní December 30, 1977, nígbà tí 1979 sì fi máa parí, ó ti kásẹ̀ nílẹ̀. Síbẹ̀, ó ṣòro kí ẹ tó rí ẹni tó wò ó tẹ̀léra nílé wa. Orí NTA ni ọ̀pọ̀ wa ti mọ̀ ọ́n, ibi tí iná bá sì bá a dé la ti ń wò ó. Èmi wá pinnu pé màá wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀, n kò ní fo ọ̀kankan.

Ó kún orí YouTube, àmọ́ wúruwùru ló wà. Ẹnìkan á gé ìpín kan sí mẹ́ta, ẹlòmíràn á fi orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ pè é, àwọn kan á po ti 1986 mọ́ ti àtijọ́. Nítorí náà, kí n tó wo ohunkóhun, mo wá orúkọ ìpín kọ̀ọ̀kan, mo tò wọ́n sínú ìwé: 13 ní apá kìíní, 8 ní apá kejì, 8 ní apá kẹta. Èyí tí mo bá ti wò, mo fàlà sí i. Bí ẹ bá ń wo ọ̀kan tí ẹ ò rí Ali nínú kíláàsì, ẹ fura. Dino Shafeek tó ṣe Ali Nadim ti kú lọ́dún 1984, kò lè sí nínú ti 1986.

Lẹ́yìn náà, mo ya ojú ìwé kan sọ́tọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ náà ti wá dùn mọ́ mi.

Nínú ìpín kìíní, obìnrin ni Miss Courtenay, ọ̀gá ilé ìwé, ń retí, àfi bí Jeremy Brown, tíṣà tuntun, ṣe yọ sí i. Miss Courtenay jẹ́ kó yé e pé orí tíṣà tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti dàrú. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń wọlé báyìí, ẹ ó rí ìdí rẹ̀. Ali ará Pakistan, Mùsùlùmí, àti Ranjeet, Sikh tó ń ṣiṣẹ́ ní rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ London, gbéná wojú ara wọn kí ìjókòó tó mọ́lẹ̀. Su-Lee ará Ṣáínà gbé ìwé pupa kékeré ti Mao dání, ó sì ń wá ìjà Taro ará Japan. Brown dúró láàárín wọn, ó ń fi sùúrù rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó yá, ojú ìwé Giovanni ará Ítálì àti ti Max ará Gíríìsì ò ní nǹkan tuntun mọ́. Ẹ̀fẹ̀ kan náà ni, wọ́n kàn ń pa aṣọ dà fún un. Àmọ́ ti Jamila, ìyàwó ilé ará Íńdíà, yà mí lẹ́nu. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́ nǹkankan, súwẹ́tà ló jókòó tó ń hun. Bí wọ́n ṣe ń bá a lọ, gbólóhùn ẹnu rẹ̀ ń gùn sí i. Nínú gbogbo kíláàsì yẹn, òun nìkan ni mo lè sọ pé owó ilé ìwé rẹ̀ ò ṣòfò.

Mo bi ẹ̀gbọ́n mi kan tó wà ní London nígbà yẹn pé, “Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí n kò rí ọmọ Nàìjíríà kankan láàárín wọn?”

Wọ́n ní, “Kí ni ká wá ṣe níbẹ̀? Ìwé òfin àti àkáǹtì là ń kà. Òyìnbó tó ń tún ọ̀rọ̀ wa sọ fún wa níbi iṣẹ́ gan-an ló yẹ kí wọ́n kọ́.”

Ẹ má wò ju ìpín méjì lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Brown á béèrè ọ̀rọ̀ kan, ẹnìkan á gbọ́ ọ sí òdì, ẹnìkejì á tún bà á jẹ́, Miss Courtenay á sì ṣílẹ̀kùn lásìkò tí kò yẹ. Tó bá di ìkẹta, ẹ ó ti mọ ibi tó ń lọ.

Michael Grade, tó jẹ́ ọ̀gá ní LWT, ló dá a dúró, torí ó rí i bí ohun tó ń tàbùkù àwọn ẹ̀yà mìíràn. Lójú tèmi, kò jẹ̀bi. Bí Taro ṣe ń fi “o” sí ìdí ọ̀rọ̀ gbogbo tètè sú mi, bí àwọn ọkùnrin kíláàsì ṣe ń dọdẹ Danielle, ọmọbìnrin ará Faransé, náà sì ti ṣá. Àmọ́ Shafeek kì í ṣe ẹgbẹ́ wọn rárá. Ẹ wo ojú rẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ kọjá lára ènìyàn tó ní “Squeeze me, please” dípò “Excuse me, please”: ó gbórí sókè, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó dá a lójú pé òun ti sọ ọ́ ire. Kò bẹ ẹnikẹ́ni kó rẹ́rìn-ín.

Mo tọ́ ti 1986 wò. Barry Evans, tó ṣe Brown, ṣì ni tíṣà, n kò sì bá a dé òpin. Bí ẹ ò bá ráyè gbogbo rẹ̀, apá kìíní ni kí ẹ wò, kí ẹ sì máa ṣọ́ Jamila.