Owó rẹ̀ wà ní báǹkì, ebi ń pa á: bí mo ṣe bá Ìyá Ìbejì gba NIN rẹ̀ padà ní Ìlọrin

Ohun tó bí mi nínú jù ni pé obìnrin yìí kì í ṣe aláìní. Owó iṣu tó tà wà ní báǹkì lórúkọ ara rẹ̀, síbẹ̀ gaàrí tí òun àtàwọn ọmọ rẹ̀ ń mu, àwọn èèyàn ló ń bù ú fún wọn.

Ìyàwó àbúrò mi ni, ọmọ àbúrò bàbá mi ló fẹ́ ẹ. Abúlé kan nítòsí Òkè-Òde, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, ni wọ́n ti ń dáko. Ẹ ò ní ṣàìgbọ́ ohun tójú wọn rí lọ́wọ́ àwọn agbébọn lápá ibẹ̀ lọ́dún 2025, láti Bàbáńlá dé Òkè-Òde, títí kan Ẹ̀rúkù. Àbúrò mi kò bá wọn jáde. Wọ́n sáré sin ín, oníkálukú sì gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ìyá Ìbejì kó àwọn ọmọ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi ní Ìlọrin, aṣọ ọrùn wọn nìkan ló kù.

Ti ilé àti ti ilé ìwé kò gba àlàyé púpọ̀. A rí yàrá kan ní Gànmọ̀. Owó ẹ̀jẹ́ǹtì àti àgírímẹ́ǹtì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì owó ilé, ìyẹn náà sì dùn mí, ṣùgbọ́n kò sí ayálégbé tí kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá ilé ìwé gba àwọn ìbejì láì béèrè ìwé kankan. Ọlọ́run á san án fún un.

NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba ń fún ọmọ Nàìjíríà, ló fojú wa rí màbo.

Fóònù rẹ̀ ti já bọ́ níbi tí wọ́n ti ń sáré, ìwé NIN rẹ̀ sì jóná mọ́ ilé. Báǹkì ní kò sí NIN, kò sí owó. Ẹni tó bá gbàgbé nọ́ńbà NIN rẹ̀ lè tẹ *346# kó sì rí i, ṣùgbọ́n líìnì tó fi forúkọ sílẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fi tẹ̀ ẹ́. Líìnì yẹn náà ló sọnù. A lọ ṣe welcome back, ìyẹn kí wọ́n gbé nọ́ńbà tó sọnù padà sórí síìmù tuntun. Ọmọbìnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà wò ó, ó ní orúkọ ọkùnrin ló wà lórí líìnì, kí ẹni tó ni ín yọjú. Àbúrò mi ló ra síìmù náà fún ìyàwó rẹ̀, NIN tirẹ̀ ló sì fi ṣe é, bí ọ̀pọ̀ ọkọ ṣe máa ń ṣe. Mo ní olóògbé ni. Wọ́n ní ká mú ìwé ẹ̀rí ikú wá. Ẹni tí wọ́n sin nígbà tí ìbọn ṣì ń dún, dókítà wo ló fẹ́ kọ ìwé ikú rẹ̀?

A kọrí sí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ṣe NIN. Áfídéfìtì ilé ẹjọ́ wà lọ́wọ́ wa, ìwé ọlọ́pàá wà, owó ọkọ̀ ti fẹ́ gbọ́n àpò mi gbẹ. Ọkùnrin ibẹ̀ kò tilẹ̀ yẹ̀ wọ́n wò. Ó ní ká padà lọ gba lẹ́tà lọ́wọ́ baálẹ̀ abúlé wa, kí ìjọba ìbílẹ̀ sì lu òǹtẹ̀ sí i. Ìyá Ìbejì yíjú sí mi, ó ní, “Ọkọ mi, ẹ bá mi sọ fún wọn pé baálẹ̀ náà ti sá. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀ mọ́.” Ọkùnrin náà ní bí òfin ṣe wí nìyẹn.

Mo délé, n kò lè sùn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá òfin náà kà. Èyí tí mo rí kò jọ tirẹ̀ rárá. Àdéhùn Kampala, tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ṣe lọ́dún 2009 nítorí àwọn tí ogun tàbí àjálù lé kúrò nílé láàárín ìlú wọn, tí Nàìjíríà sì fọwọ́ sí lọ́dún 2012, sọ ọ́ ní ẹ̀ka 13 pé kí ìjọba rọ́pò ìwé tó sọnù fún wọn láìgbé ẹrù tó wúwo lé wọn lórí, irú bíi pé kí wọ́n kọ́kọ́ padà síbi tí wọ́n ti sá wá. Ẹni tó sọdá ẹnubodè pàápàá, àdéhùn ọdún 1951 lórí àwọn olùwá-ibi-ìsádi ní kí orílẹ̀-èdè tó gbà á fún un ní ìwé ìdánimọ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ní ìgbé ayé irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ lè gbà padà bọ̀ sípò: kí wọ́n padà sílé, kí wọ́n fìdí kalẹ̀ níbi tí wọ́n sá sí, tàbí kí wọ́n lọ tẹ̀dó síbòmíràn. Èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ẹni tí kò lè fi hàn pé òun ni òun fẹ́ ṣe?

Mo tẹ ojú ìwé yẹn jáde, mo sì mú un lọ sí ọ́fíìsì tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọ̀gá obìnrin tó wà níbẹ̀ fara balẹ̀ kà á. Ó ní a ò nílò lẹ́tà baálẹ̀ kankan, pé nígbà tó ti forúkọ sílẹ̀ rí, ìka ọwọ́ rẹ̀ ni yóò gbé NIN rẹ̀ jáde.

Ìka ọwọ́ ọ̀hún! Àtàǹpàkò tó ti ń bó iṣu, tó ti ń yan gaàrí láti kékeré, ti dán bí ẹ̀yìn ṣíbí, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì sán. Ẹ̀rọ kò rí ilà kankan kà níbẹ̀. Wọ́n nu ún, wọ́n tẹ̀ ẹ́, iná pupa. Wọ́n gba ìka mìíràn, iná pupa. Ọ̀gá náà ló ní kó lọ máa fi omi gbígbóná fọwọ́, kó máa fi òrí pa á lálaalẹ́, kó má sì fọwọ́ kan èédú tàbí ẹ̀gẹ́ títí a ó fi padà wá. Nígbà tí a padà débẹ̀, ìka ìlábẹ̀ ló jẹ́. Àwòrán rẹ̀ yọ lójú kọ̀ǹpútà, ó tọ́ka sí i, ó ní, “Èmi rè é!” Inú mi dùn lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ tí mo gba ìwé ẹ̀rí tèmi lọ.

Ìyókù kò le. A ra síìmù tuntun lórúkọ rẹ̀, báǹkì yẹ ìka rẹ̀ wò mọ́ BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí báǹkì ń lò, wọ́n pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù rẹ̀, owó sì jáde. Èlùbọ́ ló ń tà báyìí ní Gànmọ̀, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi mọ́.

Tẹ́ ẹ bá ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀, ẹ má fi líìnì àtijọ́ bẹ̀rẹ̀. Orí ìka ọwọ́ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì tètè ra òrí. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ yẹ líìnì tó wà lọ́wọ́ ìyàwó yín wò lónìí, kẹ́ ẹ mọ NIN ẹni tó wà lórí rẹ̀. Tọmọdé tàgbà, ọ̀fẹ́ ni NIN àkọ́kọ́. Ẹ má san án fún ẹnikẹ́ni.

Líìnì àtijọ́ yẹn ṣì ń dùn wá, torí òun ni àwọn tó jẹ wọ́n lówó iṣu mọ̀. A ti wá ẹni méjì tó wà níbi ìsìnkú náà rí, wọ́n sì gbà láti jẹ́rìí. Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, a ó kó wọn lọ sí ọ́fíìsì Àjọ Ìkànìyàn nítorí ìwé ẹ̀rí ikú.