Bí mo ṣe ń dá K-8 mọ̀ nínú fọ́tò

Ọkọ̀ òfúrufú àwọn ológun ni K-8. Ẹ má kọ́kọ́ wo ọ̀dà ara rẹ̀ o. Ọ̀dà máa ń ṣini lọ́nà. Ìyẹ́ ni kí ẹ wò. Ìsàlẹ̀ ni ìyẹ́ K-8 wà, ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ló sì ní. Alpha Jet tí àwọn ọmọ ogun òfúrufú Nàìjíríà ń lò, òkè ni ìyẹ́ tirẹ̀ wà, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì jẹ́ méjì. Ìyẹn ò lè ṣe yín ní wàhálà.

Ọkọ̀ òfúrufú mìíràn, L-39, ló ń dà mí láàmú! Òun náà, ìyẹ́ ìsàlẹ̀, ẹ́ńjìnnì kan. Mo ti kọ "K-8" sábẹ́ fọ́tò rẹ̀ rí, àbúrò mi sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Láti ọjọ́ náà, ṣóńṣó ìyẹ́ ni mo ń wò: èyí tó wọ́pọ̀ nínú L-39 ní táǹkì epo bí ìgò níbẹ̀, K-8 kò ní.

Ìjókòó méjì ló wà nínú K-8, akẹ́kọ̀ọ́ níwájú, olùkọ́ lẹ́yìn, torí ọkọ̀ ìkọ́ni ni Ṣáínà àti Pakistan jọ ṣe é. Ó kọ́kọ́ fò ní 1990.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ogun ló ń lọ, ẹ yẹ abẹ́ ikùn rẹ̀ wò. Àpótí gígùn tí ẹnu ìbọn yọ níwájú rẹ̀, ìbọn 23 mm nìyẹn. Abẹ́ ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ibi méjì tí wọ́n ń so bọ́ǹbù kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀: wọ́n máa ń so táǹkì epo kọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú.