Tí ẹ bá fẹ́ mú ìyá yín wọ ihò Luray

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti dé ihò Luray, ihò ńlá abẹ́ ilẹ̀ kan táwọn èèyàn máa ń lọ wò ní Amẹ́ríkà. Mo kọ́kọ́ bá àwọn ará ibi iṣẹ́ mi lọ, mo tún kó àwọn ọmọ lọ. Lẹ́ẹ̀kẹta ni mo mú màámi, tó wá kí wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, dání. Ìgbà tí mo mú wọn lọ ni mo tó mọ̀ pé n kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń lọ síbẹ̀.

Ọ̀nà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rò. Àfonífojì Shenandoah ní Virginia ni Luray wà, ó sì ju wákàtí méjì lọ láti ilé wa ní Maryland. Fóònù lè ní kẹ́ ẹ gba 211, tó gun orí òkè Blue Ridge kọjá. Ó rẹwà o, àmọ́ kọ́nà rẹ̀ pọ̀. Ká tó sọ̀ kalẹ̀ lódì kejì, màámi ti bì sínú ọ̀rá. Tí àgbàlagbà bá wà nínú ọkọ̀ yín, ẹ gba I-66 dé Front Royal, kẹ́ ẹ wá yà sí 340. Ó pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ikùn á jókòó. Ẹ sì tètè kúrò nílé, pàápàá lóṣù October tí ewé igi ń pọ́n, torí èrò á ti kún ibẹ̀ tó bá fi máa di ọ̀sán.

Ó kan aṣọ. Lọ́dún-lódún, yálà yìnyín ń já bọ́ lóde tàbí oòrùn ń jóni, bí inú ihò náà ṣe tutù tó kì í kúrò ní nǹkan bíi 54 lórí òṣùwọ̀n Amẹ́ríkà (Fahrenheit), ìyẹn 12 lórí òṣùwọ̀n tiwa ní ilé (Celsius). Atẹ́gùn tútù yìí náà ló tú àṣírí ihò ọ̀hún. Ní August 1878, ó ń fẹ́ jáde láti inú kòtò kan, ó sì pa iná àbẹ́là. Ni Andrew Campbell, oníṣẹ́ páànù, àtàwọn tó tẹ̀ lé e bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀. Oṣù July la lọ ní tiwa. Ìró, bùbá àti sìlípáàsì ni màámi wọ̀. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí súwẹ́tà mi fi kúrò lọ́rùn mi. Ẹ wọ bàtà kánfáàsì, torí omi máa ń kán sílẹ̀, ilẹ̀ sì lè yọ̀. Wọ́n ti mú àtẹ̀gùn kúrò níbẹ̀, àmọ́ ìrìn náà ju máìlì kan lọ, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sì wà níbẹ̀. Kí gbogbo yín tọ̀ kẹ́ ẹ tó wọlé.

“Ta ló gbẹ́ gbogbo èyí?” Ìbéèrè tí màámi kọ́kọ́ bi mí nìyẹn. Ẹ ti múra ìdáhùn sílẹ̀ látinú ọkọ̀. Ohun tí mo sọ ni pé irú òkúta tí wọ́n ń fọ́ ṣe sìmẹ́ńtì ní Ewékorò ni. Omi òjò tó bá gba inú ilẹ̀ kọjá máa ń kan díẹ̀, á máa jẹ òkúta náà, á sì rù ú dání. Bó bá dé òrùlé ihò tó ń kán, á fi díẹ̀ sílẹ̀ lókè, á fi díẹ̀ sílẹ̀ nílẹ̀. Tòkè á máa rọ̀ bọ̀, tilẹ̀ á máa hù, tí wọ́n bá pàdé, ó dòpó. Wọ́n ní èyí tó tó hóró ṣúgà mẹ́rin péré máa ń gbà tó 120 ọdún. Màámi ní, “Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.” Wọ́n tún béèrè bóyá Olúmọ náà ń hù. Mo ní rárá, òkúta yẹn yàtọ̀, omi ò lè yọ́ ọ báyẹn.

Ẹ má fọwọ́ kàn án o! Òtútù ti mú màámi fi òrí para, ọwọ́ wọn ń dán, wọ́n sì nawọ́ sí òpó kan. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò. Ọ̀rá ara wa lásán ń ba òkúta yẹn jẹ́, torí omi kì í fẹ́ lẹ̀ mọ́ ibi tí ọ̀rá bá wà, kí wá ni ká sọ nípa òrí?

Ibi tí kẹ́ ẹ ti dúró pẹ́ ni adágún tí wọ́n ń pè ní Dream Lake. Ẹ pa iná kámẹ́rà. Àwọn òkúta tó rọ̀ lókè hàn nínú omi débi pé ẹ máa rò pé ihò mìíràn ló wà nísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ omi náà kò ju nǹkan bí ìnṣì 20 lọ níbi tó jìn jù. Ọmọ mi kejì ò gbà títí tá a fi kúrò.

Lẹ́yìn náà ni dùùrù tó ń fi òkúta ihò náà kọrin. Leland Sprinkle bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1954, ó sì lo ọdún mẹ́ta. Ó ń wá òkúta tí ohùn rẹ̀ bá mu káàkiri inú ihò, èyí tí kò bá mu, á ha á títí á fi mu. Òòlù kéékèèké olórí rọ́bà ló ń lu mẹ́tàdínlógójì nínú wọn. Orin ìsìn ni wọ́n lù lọ́jọ́ yẹn, màámi sì fi áltò gbè é. Ẹ má sáré kúrò níbẹ̀.

Kànga kan wà níwájú tí wọ́n ń ju owó sí. Ẹ mú owó onírin dání. Náírà bébà ni màámi fi gbàdúrà, ó sì léfòó.

Nítòsí ibi tá a ti fẹ́ jáde ni òkúta méjì tó dà bí ẹyin díndín wà. Màámi wò wọ́n títí, wọ́n ní ebi ń pa wọ́n. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù wà nínú kúlà nínú ọkọ̀. Ẹ mú ṣíbí dání. Àwa gbàgbé tiwa.