Bí Mo Ṣe Ya "Ọwọ́ Ọ̀tún" Ní Ìjẹ̀bú-Igbó

Ọdún tó kọjá ni mo ya fíìmù ìbẹ̀rù kan tí kò ju ìṣẹ́jú 7 lọ, nínú ilé àtijọ́ bàbá ìyá mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó. "Ọwọ́ Ọ̀tún" ni mo pè é. Kò sí iwin níbẹ̀, kò sí àjẹ́, ẹ̀jẹ̀ kan kò sì kán sílẹ̀. Ìyá kan, ọmọ rẹ̀ obìnrin, àti gàrí ni.

Òwe tí gbogbo wa mọ̀ ló bí i: bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, à á fi ọwọ́ òsì fà á mọ́ra. Mo wá ń rò ó pé, bí ọwọ́ òsì ọ̀hún kò bá sí ńkọ́? Irú ilé wo nìyẹn yóò jẹ́? Nínú fíìmù náà, ẹ kò ní rí ojú ìyá. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ nìkan ní í ti ẹnu ọ̀nà wọlé, a bu gàrí díẹ̀, a fi ìka rà á wò, a sì padà. Ọmọ ń fi kọ̀ǹkọ̀sọ̀ ku gàrí, kò gbọdọ̀ sinmi. Bí kọ̀ǹkọ̀sọ̀ bá ti dákẹ́ báyìí, sílípáàsì ìyá ti ń bọ̀ nìyẹn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ni Hubert Ògúndé, àgbà eléré tíátà àti fíìmù Yorùbá. Òsósà ni wọ́n bí i sí ní 1916, ibẹ̀ náà ló sì kọ́ abúlé fíìmù rẹ̀ sí. Ẹ̀rù tó wà nínú iṣẹ́ tirẹ̀, láti ọwọ́ ayé àti àwọn àjẹ́ ló ti máa ń wá, ó sì bá ìran àwọn òbí mi mu gan-an. Èmi fẹ́ kí tèmi wá láti ọwọ́ ẹni tó ń bu oúnjẹ fún ọmọ. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù.

Àbúrò ìyá mi ni mo lọ bá pé kó ṣe ìyá. Ó wò mí títí.

"Èmi tí mi ò lè na ewúrẹ́?"

"Ẹ̀yin gan-an ni, Àǹtí mi. Ọwọ́ yín ni mo fẹ́."

Ọwọ́ ẹni tó ti ń yan gàrí láti ìgbà ọmọge ni. Ooru agbada ti mú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ dán bí awọ ìlù, èékánná àtàǹpàkò rẹ̀ sì ti sán láàárín. Nígbà tí ọwọ́ yẹn kọ́kọ́ yọ lẹ́nu ọ̀nà, tó dúró lórí gàrí láìmì, èmi tí mo di kámẹ́rà mú gan-an fà sẹ́yìn.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún 9, ló ṣe ọmọ. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti Nàìjíríà, ti ọdún 2003, ní ire ọmọ ni kí á kọ́kọ́ rò nínú ohunkóhun tó bá kàn án. Mo fi ìyẹn ṣe òfin ilé wa: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jágbe mọ́ ọn, a kò sì ní yà á lóru. Aago méjì ọ̀sán la fi tapólì dúdú bo fèrèsé, ìyá rẹ̀ jókòó ti ògiri, a tan gílóòbù kan ṣoṣo. Bí mo bá ti ní ó tó, orí ìkọ́kọrẹ́ ni yóò gbà lọ.

Gílóòbù náà yọ wá lẹ́nu. Lójú fóònù tí mo fi ń ya fíìmù náà, àwọn ìlà dúdú gbọọrọ ń gun ògiri lọ sókè, bẹ́ẹ̀ ojú wa kò rí nǹkan kan nínú yàrá. Iná mànàmáná wa ń yí ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà gílóòbù bẹ́ẹ̀ ń mọ́lẹ̀, ó ń ṣú, ní ìgbà 100. Mo ní kí fóònù máa ya àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú àáyá, kí ojú rẹ̀ sì máa ṣí fún ìdá kan nínú ìdá 50 ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìlà pòórá.

Ohùn gan-an ni iṣẹ́ wà. Òru méjì ni jẹnẹrétọ̀ àdúgbò bà jẹ́ fún mi. Lóru kẹta ni wọ́n mú iná wá, gbogbo ilé sì pa tiwọn. Ní aago méjì òru, èmi àti Àǹtí mi nìkan la wà níbẹ̀. A kọ́kọ́ da iyanrìn sórí sìmẹ́ńtì kó fi sílípáàsì tẹ̀ ẹ́, ó dún bí ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé. A gbá a kúrò, a wọ́n gàrí. Gàrí Ìjẹ̀bú kúnná, ó sì gbẹ: rúsú, rúsú, bí ẹni tó ń fi suúrù jẹ nǹkan. Mo gba ohùn yàrá òfìfo náà sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì, torí bí ẹ bá pa ohùn rẹ́ pátápátá nínú fíìmù, etí yóò mọ̀ pé ẹ gé nǹkan. Ìdákẹ́jẹ́ ilé náà ní ohùn tirẹ̀.

Nígbà tí mo ń tò ó pọ̀, mo yọ gbogbo orin. Lágbedeméjì, ojú fíìmù ṣókùnkùn, kọ̀ǹkọ̀sọ̀ nìkan lẹ ó máa gbọ́, títí tí yóò fi dákẹ́. Báwo ni kó ṣe pẹ́ tó kí sílípáàsì tó dún? Ìṣẹ́jú àáyá 5 yá jù. Ní 20, ọkàn èèyàn ti balẹ̀ padà. Mo fi í sí 11, bẹ́ẹ̀ ni mo ń di èémí mú nígbà gbogbo tí mo bá wò ó, èmi tí mo mọ ohun tó ń bọ̀.

Níkẹyìn, ọmọ náà gbé kọ̀ǹkọ̀sọ̀ síwájú bèbí rẹ̀. Ó na ọwọ́ ọ̀tún sí i. Ọwọ́ òsì wà lẹ́yìn rẹ̀, a kò rí i. Eré ni ọmọ wa pe èyí, ẹ̀rín ló fi ṣe é tán.

A ta aṣọ funfun sí àgbàlá, a pe àdúgbò. Mo ti kọ òwe náà sí ìparí kó lè yé wọn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ìyá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kẹta ni bàbá àgbàlagbà kan béèrè láti inú òkùnkùn pé, "Ọwọ́ òsì rẹ̀ dà?" Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo yọ òwe yẹn kúrò.