Fíìmù ìdóòlà tí kò pariwo: bí a ṣe ń kọ ọ́ àti bí a ṣe ń yà á

Ẹni tó fẹ́ wo fíìmù nípa ìdóòlà tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ti mọ bó ṣe parí kó tó jókòó. Nítorí náà, ẹ má gbára lé “ṣé wọ́n á yè?” Ohun tí kò tíì mọ̀ ni bí wọ́n ṣe ṣe é, àti ta ló gbà kí ẹ̀bi wà lọ́rùn òun bó bá bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ ká fi ihò Tham Luang ní Thailand ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà ọdún 2018, ọmọ 12 àti akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn wọ inú ihò náà, òjò dé, omi dí ọ̀nà. Ọjọ́ 2 oṣù Keje ni wọ́n rí wọn. Láti ọjọ́ 8 sí ọjọ́ 10 ni wọ́n kó wọn jáde: mẹ́rin, mẹ́rin, lẹ́yìn náà márùn-ún.

Kí ẹ tó kọ ìran kankan, ẹ pín ìwé sí ọ̀nà mẹ́ta: wákàtí, ohun tó ṣẹlẹ̀, àti ohun tí ẹni tó wà níbẹ̀ mọ̀ ní wákàtí yẹn. Ìkẹta yìí ni àwọn òǹkọ̀wé máa ń fò. Ibẹ̀ ni òbí tó wà lẹ́nu ihò ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ti mọ ohun tí òmùwẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí.

Ojú ìwé kan máa ń tó nǹkan bí ìṣẹ́jú kan. Bí ìwé eré yín bá jẹ́ ojú ìwé 110, ẹ jẹ́ kí wọ́n rí àwọn ọmọ náà ní nǹkan bí ojú ìwé 45, kí 15 tó tẹ̀lé e jẹ́ ti àríyànjiyàn lórí bí wọ́n á ṣe gbé wọn jáde. Ibẹ̀ ni ẹran wà. Richard Harris, dókítà afúnni-lóògùn-oorun láti Ọsirélíà, fún wọn ní ketamine kí ẹ̀rù má bàa mú wọn jà lábẹ́ omi. Oògùn náà kì í pẹ́ lára, nítorí náà àwọn òmùwẹ̀ tí kì í ṣe dókítà ló ń tún wọn gún lójú ọ̀nà. Ẹ má sáré kọjá ìran tí wọ́n ti ń kọ́ bí a ṣe ń gún abẹ́rẹ́.

Ẹ má sì ya ìrìn 13 bákan náà. Ẹ fún ọmọ àkọ́kọ́ ní ìṣẹ́jú 12, ìkejì ní mẹ́ta. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tó yàtọ̀ nìkan ni kí ẹ fi hàn, bí okùn atọ́nà tó bọ́ lọ́wọ́ òmùwẹ̀ kan ní ọjọ́ tó kẹ́yìn.

Òmùwẹ̀ kì í sọ pé ẹ̀rù ń ba òun. Òṣùwọ̀n afẹ́fẹ́ ló máa ń wò. Ìlànà wọn nínú ihò ni pé ìdá kan nínú mẹ́ta wà fún wíwọlé, ìdá kan fún jíjáde, ìdá kan fún bí nǹkan bá yíwọ́. Bí sìlíńdà bá kún dé 200 bar (bar ni wọ́n fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́ inú rẹ̀), wọ́n á yí padà bó bá ku nǹkan bí 130. Ẹ fi èyí han òǹwòran lẹ́ẹ̀kan péré. Nígbà tó bá wá rí 90 tí ọkùnrin náà ṣì ń lọ síwájú, kò sídìí fún orin. Nígbà tí John Volanthen, òmùwẹ̀ láti Bìrìtìkó, rí àwọn ọmọ náà, iye wọn ló béèrè. Wọ́n ní 13. Ó ní ó dára gan-an. Ẹ má fi nǹkan kan kún un. Ẹ jẹ́ kí èdè Thai jẹ́ èdè Thai pẹ̀lú. Ọmọ ọdún 14 kan ló gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì láàárín wọn, àìgbọ́ra-ẹni-yé àwọn tó kù wúlò fún yín.

Fún abẹ́ omi, ẹ kọ́ ihò náà sínú adágún àtọwọ́dá, kí òrùlé rẹ̀ ṣeé ṣí lójú ẹsẹ̀. Òṣèré kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní òmùwẹ̀ aláàbò tirẹ̀ níbi tí ọwọ́ ti lè tó o, pẹ̀lú afẹ́fẹ́ mìíràn lọ́wọ́. Ẹ mú omi gbóná dé nǹkan bí 30°C. Bó bá tutù, ètè á máa gbọ̀n, ojú òṣèré ò ní ṣeé lò mọ́. Ọmọ tó yẹ kó máa sùn lábẹ́ omi, ère rọ́bà ni. Omi tòótọ́ dúdú débi pé kò sí ohun tí kámẹ́rà lè rí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí iná orí akoto nìkan tàn, kí a ríran dé nǹkan bíi mítà kan. Irọ́ tó pọn dandan nìyẹn. Kámẹ́rà tó ń fò lókè òkè, tí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ ò lè rí ohun tó rí, kò pọn dandan.

Nígbà títo fíìmù, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orin àyálò, ìyẹn orin ibòmíràn tí a kàn fi dípò fúngbà díẹ̀, sí i kí àtòpọ̀ àkọ́kọ́ tó dúró. Orin yẹn ló ń bo ìran tí kò lágbára mọ́lẹ̀. Èémí, omi, ẹ̀rọ tó ń fa omi: ẹ kọ́kọ́ wò ó bí ìwọ̀nyí nìkan bá tó.

Saman Kunan, òmùwẹ̀ ọmọ Thailand tó yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún ìdóòlà náà, kú ní ọjọ́ 6 oṣù Keje nígbà tó ń padà bọ̀ lẹ́yìn tó gbé sìlíńdà wọlé. Ẹ bá ìdílé irú ẹni bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ẹ tó kọ ìran rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ ti yà á tán, kí ẹ sì gbé kámẹ́rà kúrò lójú rẹ̀. Ẹ gba ìwé àdéhùn lọ́wọ́ òbí àwọn ọmọ tó wà láàyè. Bí ẹ bá pa ènìyàn méjì pọ̀ di ẹ̀dá ìtàn kan, ẹ kọ ọ́ sára àwòrán ìparí, kó má ju ìlà mẹ́ta lọ, kó sì pẹ́ tó fún ẹni tí kì í kàwé yára.