Bí a ṣe ń ṣọ́ iṣan ohùn nígbà iṣẹ́ abẹ táírọ́ìdì

Ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ gẹ̀gẹ̀ fún sábà máa ń ronú nípa àpá tí yóò kù sí i lọ́rùn. Ní ti oníṣẹ́ abẹ, ọkàn rẹ̀ wà lára iṣan ohùn, iṣan kan tí kò nípọn ju mílímítà 1 sí 3 lọ, tó fara pamọ́ sẹ́yìn táírọ́ìdì, ìyẹn ẹ̀yà ara iwájú ọrùn tó máa ń wú di gẹ̀gẹ̀. Iṣan yìí ló ń gbé àṣẹ ọpọlọ lọ fún tán-án-ná, ìyẹn awẹ́ méjì inú gògóńgò tó máa ń pàdé nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀, tó sì máa ń yà nígbà tí a bá ń mí. Ọ̀kan wà lápá ọ̀tún, ọ̀kan wà lápá òsì. Bí iṣan apá kan bá fara pa, ohùn lè kẹ̀, omi sì lè máa pá ènìyàn lórí. Bí ti apá méjèèjì bá fara pa lẹ́ẹ̀kan náà, tán-án-ná lè fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé pátápátá, èémí kò sì ní rí ibi gbà. Wọ́n lè ní láti dá ihò sí ọrùn aláìsàn kó tó lè mí.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí a ti mọ agbára iṣan yìí. Ní ọ̀rúndún kejì, oníṣègùn kan tó ń jẹ́ Galen gé e lọ́rùn ẹlẹ́dẹ̀ tó ń ké, igbe náà sì dákẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ohun tó wá ṣòro ni bí a ṣe máa mọ̀ pé iṣan náà ṣì ń ṣiṣẹ́ nígbà tí aláìsàn ti sùn, tí kò lè sọ̀rọ̀. Ojú lè rí i pé kò já, ṣùgbọ́n iṣan tí wọ́n fà jù lè wà lódidi kó má sì ṣiṣẹ́ mọ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń lo ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ọ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí.

Ẹ kọ́kọ́ wo tán-án-ná

Kí ọ̀bẹ tó kan ara, dókítà yóò ki kámẹ́rà tín-ín-rín gba imú tàbí ẹnu wọlé láti wo bí tán-án-ná ṣe ń ṣí tó sì ń pa dé. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n fo èyí nítorí pé ohùn yín dára. Awẹ́ kan lè ti rọ kí ohùn ṣì já gaara, torí pé èkejì ti kọ́ bí yóò ṣe máa sún lọ bá a. Bí a kò bá mọ èyí ṣáájú, a ò ní mọ ohun tí iṣẹ́ abẹ fà àti ohun tó ti wà tẹ́lẹ̀.

Páìpù èémí àti oògùn oorun

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ àṣìṣe ti máa ń wáyé, dókítà tó ń fúnni ní oògùn akunilóorun ló sì wà nídìí rẹ̀. Páìpù tí yóò gbé èémí wọ inú kòmóòkun kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́. Wáyà pẹlẹbẹ wà lára rẹ̀ níbi tí yóò ti fara kan tán-án-ná lọ́tùn-ún àti lósì. Bí tán-án-ná bá mira, iná kékeré a jáde lára ẹran rẹ̀. Wáyà á gbọ́ ọ, á sì gbé e lọ sínú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ á dún, ìgbì á sì yọ lójú rẹ̀.

Nǹkan mẹ́ta ló lè ba èyí jẹ́. Èkíní ni oògùn tó ń mú kí ẹran ara dẹ̀. Bí èyí tó ń pẹ́ lára bá wà nínú ara aláìsàn, tán-án-ná kò ní mira bó ti wù kí iṣan náà yè tó. Nítorí náà succinylcholine, tí kì í pẹ́ lára, tàbí rocuronium díẹ̀ ni wọ́n ń lò. Bí rocuronium bá ṣẹ́ kù, sugammadex wà láti yí i padà. Èkejì ni òróró tó ń pa ara kú: wọn kì í fi ra páìpù yìí. Ẹ̀kẹta ni ipò ọrùn. Nígbà tí wọ́n bá fi ìrọ̀rí sábẹ́ èjìká tí orí sì tẹ̀ sẹ́yìn, páìpù máa ń yẹ̀ kúrò níbi tí wọ́n fi í sí. Ẹ̀yìn ìgbà tí ọrùn bá ti tẹ̀ ni kí wọ́n tún fi kámẹ́rà wò ó bóyá wáyà ṣì kan tán-án-ná. Lójú tèmi, ìṣẹ́jú kan tí wọ́n fi ṣe èyí níye lórí ju wákàtí kan tí wọn yóò fi máa méfò lẹ́yìn náà.

Ojú ẹ̀rọ á sọ bí wáyà ṣe fara kan ẹran tó. Ìdènà iná kò gbọ́dọ̀ tó kílò-óòmù 5, ìyàtọ̀ láàárín ọ̀tún àti òsì kò sì gbọ́dọ̀ tó kílò-óòmù 1.

Iṣan vagus ni kí wọ́n kọ́kọ́ bi léèrè

Iṣan ohùn kì í gba ọ̀nà tààrà. Ó bá iṣan ńlá tí wọ́n ń pè ní vagus sọ̀ kalẹ̀ gba ọrùn kọjá. Lápá òsì, ó wọ inú àyà, ó gba abẹ́ òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ti inú ọkàn jáde, kó tó padà gòkè wá sí gògóńgò. Lápá ọ̀tún, iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí apá ló yí ká kó tó padà.

Ìdí nìyí tí oníṣẹ́ abẹ kò fi gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí iṣan ohùn fúnra rẹ̀. Yóò kọ́kọ́ fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní iná mílíámpù 1 sí 2 kan vagus lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn. Bí ẹ̀rọ bá dún, ó ti mọ nǹkan méjì: ọ̀nà náà já gaara láti òkè dé ìsàlẹ̀ títí dé gògóńgò, ẹ̀rọ náà sì ń gbọ́ràn. Òun ni yóò fi wé gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Bí ìgbì náà bá ga ju máíkírófóltì 500 lọ, ìpìlẹ̀ dára.

Ó tún ní àǹfààní mìíràn. Nínú ènìyàn díẹ̀, tí kì í sábà ju ẹnì kan lọ nínú ọgọ́rùn-ún, iṣan apá ọ̀tún kò sọ̀ kalẹ̀ rárá. Láti ara vagus ló ti kọjá tààrà sí gògóńgò, irú rẹ̀ ni ọ̀bẹ sì máa ń ṣì gé. Bí ẹ̀rọ bá dún nígbà tí wọ́n kan vagus lókè, tó sì dákẹ́ nígbà tí wọ́n kàn án nísàlẹ̀, oníṣẹ́ abẹ ti mọ̀ ṣáájú kí ó tó rí i.

Wíwá iṣan náà

Inú kòtò tó wà láàárín kòmóòkun àti ọ̀nà oúnjẹ ni wọ́n ti ń wá a. Wọ́n á máa fi ọ̀pá náà kan àwọn fọ́nrán tí wọ́n bá rí. Iṣan ẹ̀jẹ̀ kì í fèsì, iṣan ohùn a fèsì. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá dákẹ́, ìyẹn kì í ṣe àṣẹ láti gé. Títí ojú oníṣẹ́ abẹ yóò fi rí iṣan náà, ẹ̀rọ kò lè gba ipò ojú.

Iṣan mìíràn tún wà lókè táírọ́ìdì, òun ló ń mú ohùn lọ sókè. Bí ó bá bàjẹ́, ènìyàn á máa sọ̀rọ̀ dáadáa, àmọ́ orin tó ga á di èèwọ̀. Akọrin àti oníwàásù gbọ́dọ̀ sọ iṣẹ́ wọn fún dókítà kí ọjọ́ tó pé. Bí wọ́n bá kan ti òkè yìí, ẹran ìta gògóńgò máa ń ta wìnnìwìnnì, ojú lásán sì lè rí i.

Nígbà tí wọ́n bá ń yọ táírọ́ìdì

Fífà ló ń pa iṣan lára jù, ju gígé lọ. Táírọ́ìdì lẹ̀ mọ́ kòmóòkun gírígírí lẹ́bàá ibi tí iṣan ti ń wọ gògóńgò, bí wọ́n bá sì fà á síwájú, iṣan á bá a tẹ̀. Irinṣẹ́ tó ń fi ooru pa ẹ̀jẹ̀ náà lè jó o bí ó bá sún mọ́ ọn jù.

Àwọn kan máa ń so wáyà kékeré mọ́ vagus títí iṣẹ́ yóò fi parí, kí ẹ̀rọ máa dán an wò léraléra. Bí ìgbì bá lọ sílẹ̀ dé ìdajì tí ìdáhùn sì fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tú ọwọ́ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, iṣan á padà bọ̀ sípò.

Bí ẹ̀rọ bá dákẹ́

Bí ìgbì kò bá tó máíkírófóltì 100 mọ́, iṣẹ́ gbọ́dọ̀ dúró. Oníṣẹ́ abẹ á ki ìka sẹ́yìn gògóńgò, á kan vagus. Bí ó bá gbọ́ tí ẹran ń ta lábẹ́ ìka, iṣan yè, páìpù ló yẹ̀. Bí kò bá gbọ́ nǹkan, kí ó kan vagus ti apá kejì. Bí apá kejì bá dún, ẹ̀rọ kò ní àbùkù, iṣan apá ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ló fara pa. Bí méjèèjì bá dákẹ́, kí wọ́n yẹ páìpù, wáyà àti oògùn wò.

Bí ó bá jẹ́ iṣan ló fara pa, wọ́n á máa kàn án láti ẹnu ọ̀nà gògóńgò sísàlẹ̀ títí wọn yóò fi rí ibi tó ti pa, kí wọ́n lè tú ohun tó fún un. Wọ́n á dúró bí ogún ìṣẹ́jú.

Bí kò bá padà, ó kù sọ́wọ́ oníṣẹ́ abẹ, ibẹ̀ sì ni mo rò pé ẹ̀rọ yìí ti níye lórí jù lọ. Kí ó pa ojú ọgbẹ́ dé. Kí ó fi apá kejì sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn tí tán-án-ná bá ti padà. Ó ṣòro, torí aláìsàn á tún padà wá, ṣùgbọ́n ohun tó kù lápá kejì ni yóò fi máa mí. Ẹ béèrè ṣáájú ọjọ́ iṣẹ́ abẹ: “Bí ẹ̀rọ bá dákẹ́ lápá kan, ṣé ẹ máa dúró?” Kí ẹ jọ fẹnu kò, kí ó sì wà nínú ìwé tí ẹ fọwọ́ sí. Bí ó bá jẹ́ jẹjẹrẹ, ẹ béèrè bóyá ìdúró yẹn kò ní pa yín lára.

Kíkàn ìkẹyìn

Lẹ́yìn tí táírọ́ìdì bá ti jáde tí ẹ̀jẹ̀ sì ti dá, wọ́n á tún kan vagus. Bí wọ́n bá kan iṣan ohùn nìkan, ó lè dún láti òkè ibi tó fara pa, kó sì tan wọ́n jẹ.

Kámẹ́rà tún padà wọlé ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, bí ohùn tilẹ̀ dára. Ohùn tó kẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ lè jẹ́ nítorí páìpù lásán. Bí awẹ́ kan bá rọ, olùkọ́ ohùn lè ran ènìyàn lọ́wọ́, dókítà sì lè fún un ní abẹ́rẹ́ tí yóò mú kí ó wú sún mọ́ èkejì. Ọ̀pọ̀ máa ń padà láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún kan. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ẹni tí omi ń pá lórí kí ó máa tẹ orí síwájú díẹ̀ bó bá ń mu ún, kí ó máa mu ún ní ìfẹnukàn kékeré. Bí ó bá ń mí tí ọ̀fun rẹ̀ ń hó bíi fèrè, kí ó má dúró de ọjọ́ tí dókítà dá fún un.