Kí Ẹ Tó Gbé Ìgbésẹ̀ Lórí Ìlànà Tuntun Tí Ìjọba Amẹ́ríkà Kéde

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí Amẹ́ríkà, mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lórí bí ìlànà ìjọba ṣe ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè yìí, nítorí pé àìmọ̀ rẹ̀ ni ó mú kí n fi ọwọ́ ara mi yọ orúkọ ọmọ mi kúrò nínú Medicaid, ètò tí ìjọba fi ń san owó ìtọ́jú àwọn tí owó tí ń wọlé fún wọn kéré, ní ọdún 2019, láìsí òfin kankan tí ó béèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ mi.

Ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kò le. Kóńgírẹ́ẹ̀sì ni ó ń ṣòfin, àwọn àjọ ìjọba àpapọ̀ ni ó sì ń kọ ìlànà bí wọn yóò ṣe lo òfin náà. Láti ọdún 1946 ni Administrative Procedure Act ti là á kalẹ̀ pé, àfi ní àwọn ìgbà díẹ̀ kan, àjọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tẹ àbá ìlànà jáde nínú Federal Register, ìwé ìkéde ìjọba tí ń jáde ní gbogbo ọjọ́ iṣẹ́, kí ó gba èrò àwọn ará ìlú, kí ó tó tẹ ìlànà gan-an jáde pẹ̀lú ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá pa lára lè pe àjọ náà lẹ́jọ́, adájọ́ sì lè dá ìlànà náà dúró tàbí kí ó fagi lé e.

Ìlànà tí ó kó bá mi ni èyí tí wọ́n ń pè ní public charge. Láti ọdún 1882 ni òfin ti sọ pé wọ́n lè kọ àjèjì tí ó jọ pé yóò di ẹrù sí ìjọba lọ́rùn. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2018, àjọ Homeland Security tẹ àbá jáde láti fẹ ìtumọ̀ rẹ̀ lójú, kí oúnjẹ ìrànlọ́wọ́ SNAP, ìrànlọ́wọ́ owó ilé àti Medicaid lè wà lára ohun tí wọn yóò kà sí ẹni tí ó ń wá green card lọ́rùn. Èrò tí ó ju 260,000 lọ ni ó wọlé. Wọ́n tẹ ìlànà gan-an jáde ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹjọ, ọdún 2019, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọjọ́ 15, oṣù Kẹwàá ni yóò bẹ̀rẹ̀.

Èmi kò ka ọ̀kankan nínú rẹ̀. Ohùn kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp ni mo gbọ́, tí ó ní kí ẹni tí ó bá ń retí green card yọ gbogbo ilé rẹ̀ kúrò nínú ètò ìjọba kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo lọ bá ọkùnrin kan tí ó máa ń bá wa kún fọ́ọ̀mù, ó gba 350 dọ́là, ó sì kọ lẹ́tà tí a fi yọ ọmọ mi, tí mo bí sí Amẹ́ríkà, kúrò nínú Medicaid. Bẹ́ẹ̀ ìlànà náà kò ka ìrànlọ́wọ́ tí ọmọ onílùú ń gbà sí òbí rẹ̀ lọ́rùn rárá. Ó tilẹ̀ yọ Medicaid ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 21 àti ti aláboyún sílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ wà ní kíkọ. Ọkùnrin náà kò kà á, èmi náà kò sì bi í léèrè ibi tí ó ti rí ohun tí ó ń sọ.

Ní ọjọ́ 11, oṣù Kẹwàá, nígbà tí ó ku ọjọ́ mẹ́rin péré, àwọn adájọ́ ìjọba àpapọ̀ ní New York, California àti ìpínlẹ̀ Washington dá ìlànà náà dúró. Ní oṣù Kọkànlá, ikọ́ fée kọlu ọmọ mi lóru, a sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ìwé owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa sì lé ní 9,000 dọ́là. Ìlànà tí mo tìtorí rẹ̀ yọ ọmọ mi kò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà! Ọdún mẹ́ta ni mo fi san gbèsè yẹn. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ nígbà náà, ẹni tí ó bá padà forúkọ sílẹ̀ lè béèrè kí Medicaid san owó ìtọ́jú oṣù mẹ́ta tí ó ṣáájú, ṣùgbọ́n kí n tó gbọ́ èyí, aṣọ kò bá Ọmọ́yẹ mọ́.

Ẹ má sì rò pé ibi tí adájọ́ kan bá dé ni ọ̀rọ̀ parí sí. Ní ọjọ́ 27, oṣù Kìíní, ọdún 2020, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ fi ìbò 5 sí 4 gbà kí ìlànà náà ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹjọ́ ń lọ lọ́wọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 24, oṣù Kejì. Ní oṣù Kẹta ọdún 2021, ìjọba tuntun kò gbèjà rẹ̀ mọ́, ó sì kásẹ̀ nílẹ̀. Òmíràn bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2022. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2025 pẹ̀lú, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ti dín agbára adájọ́ kan ṣoṣo kù láti fi àṣẹ rẹ̀ dáàbò bo gbogbo ènìyàn káàkiri orílẹ̀-èdè. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ pé ilé ẹjọ́ ti dá ìlànà kan dúró, ẹ béèrè bóyá àṣẹ náà kàn yín, ní ìpínlẹ̀ yín, lónìí.

Mo bẹ̀ yín, kí ló dé tí a fi ń gba ohùn aláìlórúkọ gbọ́ ju ìwé ìjọba lọ, nígbà tí kíka Federal Register lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni? Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìkéde kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti ń kọ ọ́ bóyá àbá ni tàbí ìlànà gan-an, àti ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀. Ẹ má sì ṣe san owó ìmọ̀ràn fún ẹnikẹ́ni nítorí pé ọmọ ìlú yín ni, tàbí pé ó kọ notary sí ẹnu ọ̀nà. Ẹni tí ń jẹ́rìí sí ìbuwọ́lùwé ni notary, kì í ṣe agbẹjọ́rò ní Amẹ́ríkà. Lórí ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú, agbẹjọ́rò tàbí aṣojú tí iléeṣẹ́ ìdájọ́ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ni òfin gbà kí ó gbà yín nímọ̀ràn.

Bí àbá bá sì jáde, ẹni tí kì í ṣe ọmọ onílùú náà lè kọ èrò rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí wọ́n tẹ àbá public charge tuntun jáde ní ọdún 2022, mo kọ tèmi, mo sì sọ ohun tí ojú ọmọ mi rí nínú oṣù Kọkànlá yẹn.